Bọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Bàbá

Gbólóhùn mẹ́ta ni ìjọ kọ nípa bàbá ìyá mi sínú ìwé ìsìnkú. Àkọ́kọ́ ní wọ́n fẹ́ràn Olúwa. Èkejì ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n. Ẹ̀kẹta ní wọ́n ṣe iṣẹ́ lébìrà nílùú Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ka lébìrà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo ká ìwé náà, mo sì jókòó lé e títí ìsìn fi parí. Bàbá kì í ṣe lébìrà. Bíríkìlà ni wọ́n, láti ìgbà tí wọn ò tíì mojú bàálù títí di ọjọ́ tí ọwọ́ wọn ò lè di nǹkan mú mọ́. Ní báyìí tí òtútù ti kọjá, ẹ ní kí èmi Mojí, ọmọ-ọmọ wọn, wá ka ọ̀rọ̀ ìrántí, kó má ju ojú ìwé kan lọ. Ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ń bí mi, ẹni tínú ń bí kì í sọ̀rọ̀ ṣókí.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí wọn. Ògiri kan ni màá sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ògiri yẹn kò mọ Bàbá. Ní Barking wa níbí, nínú Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn ilé kéékèèké tí gbogbo wa ń gbé, ilé ńlá àtijọ́ kan wà tí àwọn olówó òyìnbó kọ́ ní ayé ọba tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Bíríkì pupa ni láti ilẹ̀ dókè. Lẹ́yìn ilé náà, wọ́n fi ògiri gíga yí ọgbà òdòdó ká. Wọ́n kọ́ àwọn ihò kéékèèké sínú ògiri náà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ibẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ ń gbé agbọ̀n oyin sí kí òjò má baà pa á. Ní igun kan, níbi tí ògiri méjì ti pàdé, ilé ìgbafẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀. Àkàsọ̀ mẹ́rin lẹ máa gùn kí ẹ tó wọlé. Àwọn olówó á jẹun tán, wọ́n á wá jókòó síbẹ̀ láti máa wo òdòdó. Fèrèsé rẹ̀ dà bí òkúta gbígbẹ́, àmọ́ bíríkì lásán ni, wọ́n gé e, wọ́n sì fi pílásítà bò ó. Bàbá fẹ́ràn ìyẹn ju ohunkóhun lọ. Wọ́n á na ìka sí fèrèsé náà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi oríkì mi pè mí, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí i pé olówó náà máa ń díbọ́n?"

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Barking ni wọ́n bí mi sí, nílé ìwòsàn òyìnbó, ṣùgbọ́n Bàbá kì í gbọ́ òyìnbó lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á yíjú wo ẹ̀yìn, wọ́n á béèrè pé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé àlejò tẹ̀ lé wa wá ni?" Báyìí ni mo ṣe gbọ́ Yorùbá, lẹ́nu ọkùnrin tó ń fọwọ́ pa ògiri lára. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ògiri: ìlà kan, gbogbo bíríkì dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ìlà tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn kọ orí síta. Bí ìlà méjì tó tẹ̀ léra bá jọra, ẹnì kan ti wá tún un ṣe, ó sì kánjú. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi bíríkì kan hàn mí lábẹ́ ihò oyin, ibi tí ìka èèyàn ti wọ inú amọ̀ kí wọ́n tó sun ún. Mo ki ìka tèmi bọ̀ ọ́. Ó gbà. Mo béèrè ẹni tó ni ìka náà, Bàbá sì ní, "Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìka rẹ̀ nìkan ló rí ọ̀nà gbà."

Àwọn tó rò pé onísùúrù ni wọ́n bí Bàbá, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán ní Ìjẹ̀bú, wọ́n fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọmọ bàbá àwọn ti di bíríkìlà. Ilé amọ̀ ni bàbá wọn ń gbé. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì tó le dáadáa, wọ́n fi rẹ́ ilé náà yípo, ó ń dán, àwọn èèyàn ń kí wọn. Omi inú amọ̀ ò rọ́nà jáde mọ́. Lọ́dún kẹta, ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà rọ́ lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Ọlọ́run ló yọ bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n débí, wọ́n rí iṣẹ́ lára ògiri ilé àtijọ́ yẹn. Òyìnbó àgbà kan tó ń jẹ́ Len ni ọ̀gá wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá po sìmẹ́ǹtì kí ọ̀gá lè rí i pé àwọn mọṣẹ́. Len gba ṣọ́bìrì, ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì gbé láìmù wá. Láìmù yìí, òkúta funfun ni wọ́n ń sun nínú iná. Tí wọ́n bá jù ú sómi, omi á hó láìsí iná nídìí rẹ̀, á sì di ohun rírọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ní òun ni wọ́n fi kọ́ ògiri yẹn, òun náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tún un ṣe, torí ó ń jẹ́ kí omi inú ògiri rọ́nà jáde. Sìmẹ́ǹtì á há omi mọ́nú, òtútù á sọ omi di yìnyín, yìnyín á fọ́ ojú bíríkì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bàbá sọ fún mi pé ńṣe làwọn jókòó sórí àkàsọ̀ ilé ìgbafẹ́ yẹn, tí àwọn ń sunkún, tí Len ò sì mọ ohun tó fà á. Wọ́n ní, "Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé èmi ni mo fìfẹ́ pa ilé bàbá mi."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Len kú, ọ̀gá mìíràn dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wo aago ṣáá. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀yìn ilé ìgbafẹ́ náà, torí ó máa ń yá gbẹ. Bàbá ṣàlàyé fún un. Ó ní iṣẹ́ ti Bàbá ni láti gbé ẹrù, iṣẹ́ tòun ni láti ronú. Bàbá ò jà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, wọ́n fi òòlù àti irin ha gbogbo sìmẹ́ǹtì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lánàá jáde, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, kó tó le tán. Kí wọ́n tó mu tíì àárọ̀, ọ̀gá ti lé wọn. Ìyá mi sọ pé wọ́n wálé, wọ́n rẹ gàrí, wọ́n mu ún tán, wọ́n ní, "Èmi lè máa lọ. Ògiri yẹn ni ò lè sá."

Sìmẹ́ǹtì náà ni wọ́n padà fi ṣe é. Kò pẹ́ púpọ̀, ojú bíríkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bọ́ bí èèpo ẹyin. Ilé iṣẹ́ yẹn ti kógbá wọlé nígbà náà. Obìnrin tó ń mójú tó ọgbà náà wá Bàbá rí lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀ wọ́n. Wọn ò bínú, wọn ò béèrè pé níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n lé mi. Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, tí òtútù ò bá sí, wọ́n ń yọ sìmẹ́ǹtì kúrò lẹ́yìn ilé ìgbafẹ́ yẹn, wọ́n ń fi láìmù dípò rẹ̀. Ó gbà wọ́n lọ́dún púpọ̀. Nígbà tó yá, ó ku ìlà mẹ́sàn-án lábẹ́ fèrèsé, kò gùn ju apá èèyàn kan lọ. Òtútù dé. Láìmù kì í fẹ́ òtútù. Wọ́n ní tí ooru bá padà, àwọn á parí ẹ̀, àwọn á sì sinmi.

Èmi máa ń bínú sí sùúrù wọn. Nígbà tí ìyá mi àti Àǹtí Bọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún nítorí ẹni tó yẹ kó gba àlejò láti Nàìjíríà sílé, Bàbá lọ bá ìyá mi, wọ́n ní àwọn làwọn jẹ̀bi. Wọ́n lọ bá Àǹtí Bọ̀sẹ̀, wọ́n ní àwọn làwọn jẹ̀bi. Kò sóhun tí wọ́n ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni wọ́n pa. Wọ́n ní bíríkì méjì kì í fara kanra kí wọ́n má fọ́ra wọn. "Ohun tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ rọ̀ ju àwọn méjèèjì lọ." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí ẹ ṣe tẹ ohun tó rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Láìmù máa ń dára sí i bó bá ṣe ń pẹ́ nínú omi. Bàbá ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní Gascoigne, àwọn ilé alájà tí ìjọba kọ́ ní Barking, òun ni wọ́n ń bù fún ògiri náà. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, wọ́n fi okùn so ó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọ́n á tú u, wọ́n á bu omi kún un, wọ́n á máa ka iye ife lábẹ́nu. Torí pé ó lè jó ojú èèyàn, wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ká má fọwọ́ kàn án. Èmi nìkan ni wọ́n ṣí i fún. Ó funfun, ó ń yọ̀ bí òrí.

Nígbà òtútù yẹn, àyà wọn dì, wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, èémí wọn ò já geere. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ sọ fún Wòlíì ìjọ wa pé bàbá àwọn ní nǹkan kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Wòlíì dìde láàárín ìsìn, wọ́n ní àwọn ríran: ohun funfun kan nínú omi, lábẹ́ ibùsùn àgbàlagbà kan, òun ló ń fa èémí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìjọ tí gbogbo wa ti ń wọ aṣọ funfun, ohun funfun ni wọ́n wá ń sá fún. Àkàsọ̀ pẹpẹ tí Wòlíì dúró lé nígbà tí wọ́n ń ríran yẹn, Bàbá ló fọwọ́ ara wọn mọ ọ́n.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀ dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú ìgò omi àdúrà méjì. Mo sọ fún wọn pé láìmù ni.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá ni."

"Mojí, listen to me. Ìyẹn gan-an ni Wòlíì sọ, pé wọ́n á ti fọ̀rọ̀ bo ọmọdé lójú. Ṣó o fẹ́ kí bàbá mi kú ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níwájú gbogbo yín: mo mọ̀ pé láìmù ni, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí. Mo ní tó bá lọ jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́? Lífìtì ò ṣiṣẹ́, èmi lọ́wọ́ mi le, èmi ni wọ́n ní kí n gbé e. Mo gbé e láti àjà kẹrin dé ìsàlẹ̀, ó ń ta sí mi lọ́wọ́, ó ń jó mi. A dà á sílẹ̀ lẹ́yìn pákó tí àwọn tó ń wó Gascoigne fi yí ilẹ̀ ká. Àǹtí ka Sáàmù lé e lórí, wọ́n sì wọ́n omi àdúrà sí i. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ara Bàbá yá díẹ̀. Ìjọ ní àdúrà ló gbà. Oògùn dókítà ò sí nínú ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́. Nígbà tí Bàbá dé ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó bọ́ kóòtù. Wọ́n jókòó. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ń ṣàlàyé, ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Bàbá ò wò wọ́n. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, àwọn ojú ibi tó jó. Bíríkìlà mọ ohun tó jó mi. Mo ń retí kí wọ́n gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n yẹ àwọn ìka náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́?"

Inú bí mi sí Bàbá náà, kí n má purọ́. Ooru padà, ọwọ́ wọn ṣì lè di tírówẹ̀lì mú nígbà yẹn. Sátidé kan péré ló máa gbà. Obìnrin ọgbà ní òun á ra láìmù wá. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní láìmù ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọwọ́ ni, kò tíì gbọ́n, àwọn ò ní fi ọmọ ọwọ́ ti ilé àgbà. Mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní bíríkì lásán ni, Bàbá, ẹ lọ parí ẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ wá òkúta láìmù wá. Orí bákónì ni a ti jù ú sómi, àwa méjèèjì, ó ń hó, èéfín ń rú, mo bo ojú mi. A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Gbogbo ìgbà ooru yẹn, Bàbá jókòó sórí àga ní bákónì, èmi ń fi bíríkì àlòkù tí obìnrin ọgbà fún wa kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Màá to ìlà kan, wọ́n á tẹ̀ síwájú wò ó, wọ́n á ní, "Yọ ọ́." Màá tún un tò. "Yọ ọ́." Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe nílé kan ní Dagenham, màá ti dúró láti àárọ̀, ẹ̀yìn á máa ro mí, arúgbó tèmi á tún ní kí n yọ ọ́. Ó dọjọ́ kan, wọ́n wò ó, wọn ò ní kí n yọ ọ́, wọ́n ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí láìmù náà fi gbó tó wọn, ọwọ́ Bàbá ò lè di ṣíbí ọbẹ̀ mú mọ́. Ewé ti ń já lára igi nígbà tí wọ́n lọ. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Wọn ò ní kí n dárí ji ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ìwọ lo gbé e lọ. Ìwọ ni kó o gbé e padà."

Mo dúró kí òtútù kọjá. Sátidé tó kọjá ni mo fa bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A gbọ́dọ̀ kó kúrò nínú ilé yẹn, wọ́n fẹ́ wó o. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ wá bá mi di ẹrù. Wọ́n rí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí aṣọ funfun àti okùn, wọ́n sì dúró.

"Òun náà nìyí?"

"Òun náà ni, mà. Tuntun."

Wọn ò mú omi àdúrà jáde. Wọ́n ní, "Kí n bá ẹ gbé e?"

Mo ní kí wọ́n gbé e. Lífìtì ò ṣiṣẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n gbé e láwọn nìkan láti àjà kẹrin dé àjà kejì, mò ń tẹ̀ lé wọn, mò ń wo ẹ̀yìn wọn. Ọmọ tí wọ́n bí dáadáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà, mo mọ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí àkàsọ̀, wọ́n ń mí gúlegúle.

"Mojí, ó wúwo."

"Bó ṣe wúwo lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn, mà."

Wọ́n sunkún. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mo di apá kan ìdìmú rẹ̀ mú, wọ́n di apá kejì, a sì gbé e sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe pé mo ti dárí jì wọ́n, Bàbá ló ní èmi ni kí n gbé e padà. Nígbà tá a gbé e dé ẹ̀yìn ilé ìgbafẹ́ yẹn, obìnrin ọgbà dúró tì wá, ó ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ń po yanrìn, wọ́n ń bu omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn Bàbá pé yọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, Wòlíì, Màmá Ìjọ, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ ìwé yẹn. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ibẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ lọ sẹ́yìn ilé ìgbafẹ́ inú ọgbà yẹn, ẹ wo abẹ́ fèrèsé. Ẹ máa rí ìlà mẹ́sàn-án tó wọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Gbogbo ìyókù, lébìrà yín ló ṣe é.